Níti Ìtọ́jú Pákó Ọrùn Gìtá

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn; ṣùgbọ́n owó àwọn òbí àti owó ìjọ ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ni àwa fi bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe fojú fò ó.

Láìpẹ́ yìí ni olùkọ́ kan ní agbègbè Ọ̀tọ̀-Àwórì gbé gìtá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tọ̀ wá wá. Gìtá náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n rà á ní ọjà Alábà tí ó wà ní Ọjọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ó ti lo ogún ọdún. Pákó tí àwọn ọmọ ń fi ìka tẹ̀ ti dúdú, ó sì ń yọ̀ bí ẹni pé a fi ọ̀rá pa á. Ẹ̀gbin ti dì gbagidi sí ẹ̀gbẹ́ àwọn irin rẹ̀. Àwọn irin náà ti hu àwọ̀ ewé. Okùn ti dógùn-ún, ó ń ha àwọn ọmọ níka, ohùn gìtá náà sì ti kú. Olùkọ́ náà wí fún wa pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò mọ bí n ó ti sọ fún àwọn òbí pé kí wọn tún dá owó.” A yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí. Kò sí ohun kan tí ó fọ́, kò sì sí ibi kan tí ó sán. Ẹ̀gbin ni gbogbo àìsàn rẹ̀. Àkísà mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan, òróró tí kò tó síbí kan, àti okùn tuntun mẹ́fà ni a fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, olùkọ́ ti gbé gìtá rẹ̀ lọ sílé, a kò sì dá owó lé òbí kankan lórí. Èyí ni ó mú wa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Kí a tó sọ bí a ti ń ṣe é, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń tọ́jú. Ọrùn gìtá ni apá gígùn tí ọwọ́ òsì ẹni tí ń ta á máa ń dì mú. Ní iwájú ọrùn yìí, lábẹ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ni a lẹ pákó pẹlẹbẹ kan mọ́. Orí rẹ̀ ni ìka ń tẹ okùn sí, nítorí náà a ó máa pè é ní pákó ìtẹ̀ka nínú ẹ̀kọ́ yìí. A la ojú pákó náà ní ìbú-ìbú, a sì kan irin tínínrín bọ inú ojú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn irin wọ̀nyí ni àwọn onígìtá ń pè ní fúrẹ́ẹ̀tì. Lára gìtá olókùn ọ̀rá wọ́n máa ń jẹ́ 19. Lára àwọn mìíràn wọ́n máa ń jẹ́ 20 títí dé 24. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ gìtá, fúrẹ́ẹ̀tì kì í ṣe irin lásán: bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síǹkì ni a yọ́ pọ̀ ṣe é. Bàbà inú rẹ̀ ni ó mú kí ó máa hu àwọ̀ ewé nígbà tí òógùn àti ọ̀rinrin bá pàdé lára rẹ̀.

Pákó fúnra rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó dúdú tí ó sì le bí òkúta ni ẹ́bónì. Èyí tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí a ń rí ihò kékeré-kékeré nínú iṣan rẹ̀, ni rosewood. Àwọn méjèèjì wọ̀nyí ni a sábà máa ń fi sílẹ̀ ní ìhòòhò, láìkun fáníìṣì sí wọn lára, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá kàn wọ́n lè wọ inú wọn lọ. Ẹ̀kẹta ni igi maple, tí ó funfun bí ìpẹ́pẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti gbẹ; òun ni a sábà máa ń kun ní fáníìṣì tí ó ń dán, òróró kò sì ní ohun tí ó fẹ́ ṣe lórí fáníìṣì. Ẹ̀kẹrin kò ní orúkọ tí ó dára: igi tí kò dúdú ni, tí a rẹ ní aró kí ó lè jọ ẹ́bónì. Ọ̀pọ̀ nínú gìtá olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà fún àwọn ọmọ ni ó jẹ́ irú èyí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fi àkísà funfun tí ẹ ti kán omi díẹ̀ sí nu igun kan ní ìsàlẹ̀ pákó náà; bí àkísà bá dúdú tí pákó sì ṣí, aró ni. Ẹ̀gbin a máa mú àkísà dúdú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin a máa tán, aró kì í tètè tán.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, nítorí àwọn olùkọ́ tí ó lè fi èyí kọ́ ọmọ. Igi ẹ́bónì tí ó wà lára ọ̀pọ̀ gìtá tí ó dára kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Inú igbó Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa, ni a ti ń gé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Taylor Guitars ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò igi kan láti Spéìnì, ra ilé ìlagi kan tí a ń pè ní Crelicam ní ìlú Yaoundé. Wọ́n rí i pé àwọn agégi máa ń gé ẹ́bónì lulẹ̀, bí wọ́n bá sì rí i pé inú rẹ̀ ní ìlà funfun tàbí ti ilẹ̀ pupa, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà nínú igbó, nítorí pé dúdú kìkì ni àwọn onígìtá ń fẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lo èyí tí ó ní ìlà pẹ̀lú. Níti rosewood, àwọn orílẹ̀-èdè gbogbo fi gbogbo ìdílé igi náà sábẹ́ òfin ìdáàbòbò ní January 2017, kí wọ́n tó tú ohun èlò orin tí a ti ṣe parí sílẹ̀ nínú òfin náà ní 2019. Nítorí náà bí gìtá ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ní pákó rosewood tòótọ́, kì í ṣe ohun tí a ń rí he lójú títì.

Ọ̀tá kìn-ín-ní tí pákó yìí ní ni òógùn ọwọ́. Iyọ̀ wà nínú òógùn, ọ̀rá sì wà lára awọ ènìyàn. Bí ìka ti ń tẹ pákó, iyọ̀ àti ọ̀rá yìí a máa kù síbẹ̀, awọ tí ó ti kú a dà mọ́ ọn, eruku a bà lé e, gbogbo rẹ̀ a sì di ìdọ̀tí dúdú kan tí ó máa ń sá sí kọ̀rọ̀ níbi tí pákó àti irin ti pàdé. Ẹ wo gìtá èyíkéyìí tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ṣẹ́, ẹ ó rí i pé láti fúrẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní dé ìkẹta ni ó dúdú jùlọ, nígbà tí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún mọ́ bí ìgbà tí a rà á. Ìdí èyí ti pẹ́. Àwọn ọmọ Kru, atukọ̀ òkun láti ilẹ̀ Làìbéríà, ni wọ́n mú ọ̀nà fífi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ta okùn rìn káàkiri etí òkun wa, tí ọwọ́ òsì kì í sì í jìnnà sí orí gìtá. Ìlà yìí ni ti Kumasi Trio ti ilẹ̀ Gánà, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí wọ́n kọrin sínú àwo ní London ní 1928. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Túndé King kọ orin jùjú sínú àwo ní Èkó, ní 1936. Títí di òní, orí fúrẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í kúrò níbẹ̀. Ọmọ ogún tí ń lo gìtá kan ṣoṣo, ìka ọgọ́rin ni ó ń kọjá lórí ibi tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ.

Ọ̀tá kejì ni ọ̀rinrin, níhìn-ín ni a sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ń kọ́ni ní ìtọ́jú gìtá ni a kọ ní ilẹ̀ tí ó tutù. Ní ilẹ̀ wọnnì, bí òtútù bá dé, wọn a tan ìmúlé-móoru sínú ilé, afẹ́fẹ́ inú ilé a gbẹ fúrúfúrú, pákó a sì máa sán. Nítorí náà ni àwọn òǹkọ̀wé wọn fi ń tẹnu mọ́ òróró: ẹ fi òróró pa á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó gbẹ. Àwọn tí ń ṣe gìtá sọ pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tí ó bá gìtá lára mu ni 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Wàyí o, ẹ wo ibi tí àwa ń gbé. Ọjọ́, Ìbà, Ọ̀kọ́kọ́máìkò àti Ìjànikin wà láàárín ọ̀sà àti àbàtà, òkun kò sì jìnnà sí wọn. Òjò tí ń rọ̀ ní Èkó lọ́dún a máa ju 1,500 mílímítà lọ; ó máa ń pọ̀ jù ní oṣù June, a sinmi díẹ̀ ní August, a tún padà wá ní September àti October. Ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ nínú ọdún, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ níhìn-ín a máa kọjá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní kúkúrú, ẹni tí ń gbé Ọ̀kọ́kọ́máìkò tí ó sì ń fi òróró pa pákó gìtá lóṣooṣù nítorí pé ìwé ni ó wí bẹ́ẹ̀, àìsàn tí kò ṣe é ni ó ń wò. Ohun tí ó yẹ kí a máa bá jà ní ilẹ̀ wa ni òógùn, iyọ̀ àti omi; aṣọ gbígbẹ sì ni ohun ìjà rẹ̀, kì í ṣe ìgò òróró.

A kò fi ara wa pamọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ní gìtá kan nínú ilé tí pákó rẹ̀ jẹ́ rosewood. A ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, a sì wí nínú ara wa pé, kí ni ìdí tí a ó fi ra òróró òyìnbó, nígbà tí àdín àgbọn kún gbogbo ọ̀nà Àgbádárìgì? A fi pa á dáadáa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ó dán, inú wa sì dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àdín náà kan, òórùn rẹ̀ yí padà, eruku títì lẹ̀ mọ́ ọn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni a sì ṣí àpótí gìtá tí a bá èèrà àti aáyán níbi àsè. Nígbà tí ọyẹ́ dé, èyí tí ó kù nínú ihò igi náà dì funfun ní òwúrọ̀, nítorí pé àdín àgbọn kì í yọ́ bí ooru kò bá tó ìwọ̀n 24. Ó gbà wá ní ọjọ́ púpọ̀ kí a tó rí gbogbo rẹ̀ nù kúrò. Nítorí náà, ìbáà ṣe àdín àgbọn, ìbáà ṣe àdín ẹ̀yan, ìbáà ṣe òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa, a kò gbọdọ̀ fi pa pákó gìtá. Ohun jíjẹ ni wọ́n. Wọn a máa kan, kòkòrò a sì máa mọ ilé wọn. Kẹrosíìnì náà kò yẹ: òórùn rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi ọ̀rá tirẹ̀ sílẹ̀. Omi ọṣẹ burú jù wọ́n lọ, nítorí pé igi a mu ún, a wú, fúrẹ́ẹ̀tì a sì tú nínú ihò rẹ̀.

Wàyí o, bí a ti ń ṣe é nìyí. Ìgbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ okùn ni ó dára jùlọ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ tú okùn náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn yóò fi dẹ̀. Ẹ má ṣe gé okùn tí ó nà gan-an, nítorí pé ó lè ta sí ojú. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá tú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan, ọrùn gìtá yóò tẹ̀. Fún wákàtí kan tàbí méjì kò sí ohun tí yóò ṣe é; kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan ni kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí afárá gìtá, èyíinì ni ibi tí okùn gùn lé ní ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a kò lẹ̀ mọ́ ara gìtá, bí ti àwọn gìtá tí ikùn wọn yọ bí ti gòjé òyìnbó, okùn nìkan ni ó dì í mú, bí ẹ bá sì tú gbogbo rẹ̀ yóò ṣubú, ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ a sì di àwáàrí. Fún irú wọn, ẹ máa tú okùn méjì-méjì.

Ẹ tẹ́ gìtá sórí tábìlì, kí ẹ sì ká aṣọ sí abẹ́ ọrùn rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Ẹ fi ìwé tàbí aṣọ bo ihò ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú aṣọ òwú gbígbẹ. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a ti fọ̀ léraléra ni ó dára jù. Ẹ fi nu pákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní gígùn iṣan igi, kí gbogbo eruku tí kò lẹ̀ kúrò. Ẹ wá mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó rọ̀, tí ó sì gbẹ, kí ẹ máa fi gbọn ẹ̀gbẹ́ fúrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjèèjì. Ìdọ̀tí yóò máa ṣí bí èérí ara. Níbi tí ó bá ti le, ẹ fi etí káàdì báńkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ha á. Ike kò lè ha igi, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àti abẹ a máa gé e, a sì ti rí pákó tí abẹ kọ ìlà sí lára bí ẹni kọlà sí ojú. Ẹ má ṣe kánjú níhìn-ín. Lára gìtá olùkọ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ọ̀sán ni a fi ṣe fúrẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àkọ́kọ́, a sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe gbogbo ìyókù.

Bí ẹ̀gbin bá ṣì kù lẹ́yìn èyí, ẹ kán omi sí igun aṣọ, kí ẹ fún un títí kò fi ní sí omi tí yóò jáde nínú rẹ̀ mọ́, kí ẹ nu pákó náà, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ dúró lórí igi bí ẹni ka ení. Fún ọ̀rá tí ó ti di bí ọ̀dà, náfútà ni àwọn oníṣẹ́ gìtá máa ń lò, irú epo fúyẹ́ tí a ń rọ sínú láítà. Díẹ̀ lórí aṣọ ti tó. A máa gbẹ kíákíá, kì í sì í wú igi. Ṣùgbọ́n a kìlọ̀ fún yín gidigidi: ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kí iná, àtùpà tàbí ìtáná kankan má ṣe sí nítòsí, kí ó má sì ṣe jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò fọwọ́ kàn án. Bí pákó bá jẹ́ èyí tí a rẹ ní aró, ẹ fi náfútà sílẹ̀ pátápátá. Aṣọ gbígbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó o. Èyí tí a kun ní fáníìṣì pẹ̀lú kò bèèrè ju aṣọ tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀ lọ, kí a sì nu ún gbẹ.

Níti fúrẹ́ẹ̀tì tí ó hu àwọ̀ ewé, ẹ fi téèpù oníwèé, irú èyí tí àwọn akunlé ń lò, bo igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí irin nìkan yọrí. Ẹ mú kànrìnkàn onírin tí ó múlẹ̀ jùlọ, èyí tí a kọ òdo mẹ́rin sí lára, kí ẹ sì fi pa irin náà ní gígùn rẹ̀ títí yóò fi dán. Kànrìnkàn onírin tí àwọn ìyá fi ń fọ ìkòkò kì í ṣe irú rẹ̀. Yóò ha irin náà bí ayùn. Bí gìtá bá sì jẹ́ oníná, irú èyí tí Àyìndé Bákàrè mú wọ inú orin jùjú ní 1949, ẹ rántí pé òòfà wà lábẹ́ okùn rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin tí ń já bọ́ lára kànrìnkàn yóò fò mọ́ òòfà náà, kò sì rọrùn láti yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà ẹ fi téèpù bò ó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo irin bá dán, ẹ nu ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fa téèpù ká ní jẹ́jẹ́. Fífa téèpù yọ ní ìjà a máa fa ẹ̀ẹ́rún igi jáde.

Ìgbà yìí ni ọ̀ràn òróró tó kàn, bí ó bá tilẹ̀ kàn. Ẹ wo pákó náà lójú. Bí ó bá jẹ́ rosewood tàbí ẹ́bónì tí kò ní fáníìṣì, tí ó sì dàbí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ mú, tí ó ṣí funfun-funfun, a lè fún un ní òróró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Òróró tí ó tọ́ ni èyí tí kì í kan: a ń tà á ní ilé apòògùn ní orúkọ liquid paraffin, a mú un jáde láti inú epo ilẹ̀, a sì sẹ́ ẹ títí kò fi ní àwọ̀ tàbí òórùn. Ẹ má ṣe ṣi orúkọ náà mú fún kẹrosíìnì. Ọ̀pọ̀ nínú òróró olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ń tà ní ìgò kékeré fún àwọn onígìtá, irú òróró kan náà ni, lọ́fínńdà ni a fi kún un. Ẹ̀kán mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí aṣọ ti tó gbogbo pákó. Ẹ fi pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ mú aṣọ mìíràn kí ẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò, títí ìka kò fi ní rí òróró mú níbẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti pọ̀ tó ní agbègbè wa. Àwa kì í ṣe é ní ìgbà òjò rárá.

Ìgbà kan ṣoṣo nínú ọdún tí ìmọ̀ràn àwọn ará ilẹ̀ òtútù sún mọ́ tiwa ni ìgbà ọyẹ́, láti December títí wọ February. Ọyẹ́ etí òkun kò le tó ti òkè ọya, kì í sì í pẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dé lẹ́yìn tí igi ti mu omi fún oṣù mẹ́wàá, igi náà a súnkì lójijì. Irin kì í súnkì bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni orí fúrẹ́ẹ̀tì máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn gìtá, tí yóò sì máa ha ọwọ́ ọmọ bí ẹ̀gún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ẹ fi ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń ha yín, ẹ má ṣe sáré mú fáìlì. Ẹ fi gìtá sínú àpótí rẹ̀, kí ẹ pa á dé, kí ẹ dúró de ìgbà tí afẹ́fẹ́ òkun yóò padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, igi a wú padà, orí irin a sì wọlé. Ẹni tí ó bá fi fáìlì gé e ní January lè rí i ní June pé fúrẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kúrú ju pákó lọ, okùn tín-ín-rín a sì máa yọ́ ṣubú létí rẹ̀.

Ibi tí a ń gbé gìtá sí ṣe pàtàkì ju ohun tí a fi ń nù ún lọ. Ẹ má ṣe gbé e ti ògiri tí òjò ń nà láti ẹ̀yìn, ẹ má ṣe fi í sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Oòrùn ọ̀sán a máa mú àtè tí a fi lẹ̀ ẹ́ rọ̀, a ti rí ibi tí afárá ṣí kúrò lára ikùn gìtá nínú ọkọ̀ tí ó dúró nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì. Àwọn àpò kékeré oníyẹ̀fun tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun, tí a kọ ọ́ sí lára pé kí a má ṣe jẹ ẹ́, a máa fa ọ̀rinrin mu. Ẹ kó márùn-ún tàbí mẹ́fà sínú àpótí gìtá. Àwọn náà a máa yó. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì ẹ sá wọn sóòrùn kí ẹ tó dá wọn padà. Bí ẹ bá sì rí èbu funfun tàbí ti àwọ̀ ewé lára pákó ní ìgbà òjò, ẹ gbé gìtá jáde sí abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ẹ nu èbu náà níta, kí ẹ má baà fẹ́ ẹ sínú ilé, kí ẹ sì fọ aṣọ tí ẹ fi nù ún.

Níti ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń lo gìtá kan, a gba àwọn olùkọ́ ní ìmọ̀ràn kí wọ́n so aṣọ òwú kan mọ́ ọwọ́ àpótí gìtá, kí ó sì di òfin pé ẹni tí yóò ta á yóò kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó sì nù ún gbẹ, ẹni tí ó bá sì ta á tán yóò fi aṣọ náà nu okùn àti pákó, lókè okùn àti lábẹ́ rẹ̀, kí ó tó gbé e fún ẹnì kejì. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí a máa fọ aṣọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé aṣọ tí ó ti kún fún òógùn, iyọ̀ ni yóò máa fi pa okùn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń ṣe èyí kò ní nílò iṣẹ́ ńlá tí a là sílẹ̀ lókè yìí ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún, okùn yóò sì pẹ́ kí ìpáàrà tó mú un.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé fúnra wa: fúrẹ́ẹ̀tì tí ó ti dìde kúrò nínú ihò rẹ̀, èyí tí okùn ti jẹ kòtò sí lórí, pákó tí ó ṣí kúrò lára ọrùn, àti ọrùn tí ó tẹ̀ tí okùn fi ga jù fún ìka ọmọdé láti tẹ̀. Ẹ gbé irú èyí lọ sọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni títún gìtá ṣe, kí ẹ sì bèèrè kí ẹ tó fi í sílẹ̀ pé irú pákó wo ni ó rò pé ó jẹ́ àti ohun tí ó fẹ́ fi pa á. Bí ó bá ní àdín àgbọn ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé gìtá yín padà sílé.